Èrò Tàjúdéènì Ni Mo Ń Kà Lórúkọ Ara Mi

Akínfẹ́nwá, jọ̀ọ́, fi ìwé yẹn sílẹ̀ ná. Má tíì gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́. Àǹtí Margaret, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa jókòó. Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀ kí n má baà rí ọ̀nà sá gbà, mo sì máa kà á délẹ̀, bí ẹ bú mi, bí ẹ dìde lọ. Ó ti tó ọdún méjì tí irọ́ kan ti wà láàárín wa lábẹ́ igi fúrúùtù yìí, èmi ni mo gbé e wá, èmi ni mo sì ń bọ́ ọ. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Mi ò fẹ́ kó tó ogún ọdún. Òní Sátidé yìí ni kó bá a.

Adébánjí àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dára pọ̀ mọ́ wa ò mọ bí a ṣe máa ń ṣe é, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Géèmù ọwọ́ ló kó wa jọ, èyí téèyàn ń gbé dání, tó ní ojú tirẹ̀ àti bọ́tìnnì tirẹ̀, tí kò bá tẹlifíṣọ̀n ṣe pọ̀. Gbogbo Festac ló ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé onírùngbọ̀n ń ṣeré ọmọdé, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì wà nínú wa, olùkọ́ wà, òṣìṣẹ́ báǹkì wà. Bí géèmù tuntun bá dé ṣọ́ọ̀bù Akínfẹ́nwá ní Alákijà, kì í tà á kó tó kọ́kọ́ yí ilé wa ká. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, á kọ èrò rẹ̀ sínú Ìwé Èrò, á ṣẹ́ ojú ìwé náà po, á fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ pa, kí ọkàn ẹni tó kàn má baà tẹ̀lé ẹnu ẹni tó ṣáájú. Èmi Ìfẹ́dayọ̀ ni akọ̀wé. Ọ̀dọ̀ mi ni ìwé náà ń sùn. Bó bá di aago mẹ́rin ọ̀sán Sátidé, èmi ni mo máa ń tú téèpù náà, tí mo máa ń ka èrò kọ̀ọ̀kan sókè, tí ẹni tó fẹ́ rà á á sì mọ ohun tó fẹ́ gbé lọ sílé. Ẹ fún mi ní iṣẹ́ yẹn torí ẹ gbà pé ọwọ́ mi mọ́. Ọwọ́ mi ò mọ́.

Ẹ mọ Tàjúdéènì Àmúsà tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Ijegun-Egba. Ìsẹ́yìn ló ti wá. Ọjọ́ tó wá tún jẹnẹrétọ̀ Àǹtí Margaret ṣe ló rí géèmù kan lórí tábìlì, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, “Àǹtí, ṣé ẹ lè jẹ́ kí n gbé e wò?” Láti ọjọ́ yẹn ló ti di ara wa. Ṣùgbọ́n Sátidé ni iṣẹ́ rẹ̀ máa ń pọ̀ jù, kì í lè wá síbí. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè kọ̀wé. Ó ń kà díẹ̀díẹ̀, àmọ́ bí kálàmù bá ti bọ́ sí i lọ́wọ́, ìjà ló máa ń dà. Nítorí náà, bó bá ti lo ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ tán, ilé mi ló máa ń gbà wá, á sọ èrò rẹ̀ fún mi, èmi á sì bá a kọ ọ́. Ó fi ọdún méjì jù mí lọ, síbẹ̀ “Ọ̀gá Akọ̀wé” ló ń pè mí. Etí àga ló máa ń jókòó sí kí epo ara aṣọ rẹ̀ má baà yí tìmùtìmù mi.

Ìgbà àkọ́kọ́, géèmù dúdú gbọọrọ kan ni. Tàjúdéènì di ojú, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni pé nǹkan náà ṣì wà níbẹ̀, ó ní, “Ẹ kọ ọ́ pé géèmù yìí, ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń bá sọ̀rọ̀ kó tó bá ojú sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀ rí bíi sípánà tó ti pẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, àtàǹpàkò mi wọlé síbẹ̀ láì jà. Àmọ́ bọ́tìnnì èjìká ọ̀tún le jù. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ látàárọ̀, ìka ẹ̀ á ti rẹ̀ ẹ́ kó tó sá fún ọ̀tá.” Mò ń kọ ọ́, mo sì ń jowú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni èmi náà fi lo géèmù kan náà, n kò rí nǹkan kan níbẹ̀ tó jọ èyí. Orúkọ la máa ń kọ gbẹ̀yìn. Nígbà tó lọ tán, mo tẹjú mọ́ ọ̀rọ̀ náà títí, mo sì kọ orúkọ ara mi sábẹ́ rẹ̀. Ní ojú ìwé kejì, orúkọ tirẹ̀ ni mo kọ sábẹ́ gbólóhùn kúkurú kan: “Ó dára. Bátìrì ẹ̀ ń pẹ́.” Ọwọ́ kan náà ló kọ méjèèjì, ta ló máa mọ̀? Ẹ wò mí dáadáa o. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Bíbélì láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì sùn wọra.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo kà á. Ẹ rántí pé Débọ́lá ló máa ń sọ pé owó inú iná ni géèmù ọwọ́, pé kí ni fóònù ò lè ṣe. Òun gan-an ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ó ní, “Ìfẹ́dayọ̀, àṣé o lójú inú báyìí? Bó o ṣe sọ ọ́ yìí, èmi gan-an fẹ́ gbé e dání.” Orí mi wú. Mo ní kí n ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i péré. Bẹ̀rẹ̀ látorí ti àkọ́kọ́ yẹn, géèmù mọ́kànlá ló yí wa ká, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo sì ṣe é. Èyí tí ẹ ṣì ń sọ títí dòní, pé “ojú ẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ilé, àmọ́ tó o bá gbé e síta lọ́sàn-án, ojú ara ẹ lo máa rí”, Tàjúdéènì ló ni ín. Èyí tó ní kéèyàn tó bẹ̀rẹ̀ eré, géèmù náà ti da ìbéèrè bò ó bíi pọ́líìsì ojú ọ̀nà, Tàjúdéènì ló ni ín. Wọ́n ní ẹni tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fun ún? Èmi jí ti Tàjúdéènì, ojú gbogbo yín ni mo sì ti ń fun ún, tí ẹ ń jó sí i.

Tirẹ̀ wá di ẹ̀rín. Bí mo bá ti tú ojú ìwé rẹ̀, kí n tó la ẹnu, gbogbo yín á ti pariwo pọ̀ pé, “Ó dára! Bátìrì ẹ̀ ń pẹ́!” Ẹ sọ ọ́ ní Ó Dára. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ á ní, “Bọ̀dá Ó Dára, ẹ kú iṣẹ́ o.” Ohun tó ń gún mi lọ́kàn jù lọ rèé: inú rẹ̀ máa ń dùn sí i. Ó bi mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé, “Ọ̀gá Akọ̀wé, àwọn èèyàn yín fẹ́ràn mi o. Ṣé nítorí èrò mi ni wọ́n ṣe ń pè mí bẹ́ẹ̀?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, èrò yín ni.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún sọ òmíràn fún mi, èyí tó dùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mo kọ ọ́. Mo kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ tó burú jù lọ, ọ̀pọ̀ yín wà níbí. Ẹ rántí ìgbà tí Àǹtí Margaret fẹ́ ra géèmù fún àwọn ọmọ tí ọwọ́ wọn ò tíì lágbára, tí wọ́n ń tọ́jú níbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wọn, tí wọ́n sì ní kí á bá àwọn yàn án. Wọ́n ń la gọ́tà lójú ọ̀nà Ijegun lọ́jọ́ yẹn, oníbàárà kankan ò rí ọ̀nà gbà dé ṣọ́ọ̀bù Tàjúdéènì, ló bá wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó wá síbí fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí mo ṣe rí i ní géètì, mo yára pa Ìwé Èrò dé. Ó kí gbogbo yín, ó gbé géèmù kékeré aláwọ̀ ewé yẹn látorí tábìlì, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fẹnu ara mi sọ̀rọ̀ lónìí. Èyí kékeré yìí ni kí ẹ rà fún àwọn ọmọ yẹn. Kò yára, àmọ́ ó ní sùúrù. Bọ́tìnnì ẹ̀ ò nílò agbára. Bó bá rẹ ọmọ, tó gbé e sílẹ̀ lójijì, kì í bínú, ibi tó bá a dé ló máa dúró dè é sí.” Débọ́lá na ọwọ́ sókè. Ó ní, “Ẹ dúró ná, Bọ̀dá Tàjú. Ọ̀rọ̀ Ìfẹ́dayọ̀ nìyẹn. Ó kà á fún wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe sọ ọ́.” Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Tàjúdéènì náà wò mí, kò tíì bínú, ó kàn ń dúró kí n ṣàlàyé.

Àyè wà fún mi láti sọ òótọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ì bá ti parí síbẹ̀, ẹ ì bá bú mi, ẹ ì bá sì dárí jì mí kí ilẹ̀ tó ṣú. Dípò bẹ́ẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ pé, “Ẹ má dá a lẹ́bi jàre. Mo máa ń ka tèmi fún un kó lè mọ bí wọ́n ṣe ń sọ èrò. Ó ti há a sórí ni.” Ẹ bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan pariwo látẹ̀yìn pé, “Ó Dára fẹ́ di ọ̀gá!” Mò ń wo ojú Tàjúdéènì nígbà náà, mo sì rí i pé ìgbà yẹn gan-an ni ìtumọ̀ orúkọ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Kò bá mi jà. Ó fa áńkáṣíìfù yọ, ó nu ojú géèmù náà, ó rọra gbé e padà sórí tábìlì, ó ní, “Ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ọ.” Ó gba géètì jáde. Èmi ìkà, mo tú ojú ìwé tó kàn, mo sì ń kàwé lọ.

Kò wá sílé mi mọ́ látìgbà náà, oṣù kẹrin rèé. Àǹtí Margaret ra géèmù kékeré náà, àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì ya àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi láti fi dúpẹ́: ọwọ́ méjì tó mú géèmù dání, tí wọ́n kọ “Bọ̀dá Ìfẹ́dayọ̀” sí lókè gàdàgbà. Mo gbé e kọ́ sára ògiri. N kò lè wò ó. Mo dojú rẹ̀ kọ ògiri, síbẹ̀ n kò lè jókòó nínú yàrá náà. Akínfẹ́nwá wá ní ká tẹ Ìwé Èrò jáde, kí orúkọ mi wà lẹ́yìn ìwé. Nígbà yẹn ni mo sọ fún ara mi pé ó tó gẹ́ẹ́.

Ní Tọ́sìdeè tó kọjá, mo lọ bá Tàjúdéènì ní Ijegun-Egba. Ó ń tú jẹnẹrétọ̀ kan lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, kò gbójú sókè. Nígbà tí mo parí, ó ní, “Dìde, epo wà nílẹ̀ yẹn. Ìfẹ́dayọ̀, ṣé o ti sọ fún wọn?” Mo ní rárá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wá. Ó ní, “Kí lo wá sọ fún mi nígbà náà? Èmi mọ ohun tí mo sọ. Àwọn ni ò mọ̀. Ibi tó o ti sọ irọ́ yẹn ni kó o ti lọ sọ òótọ́.” Mo bi í bóyá ó ṣì ń fi géèmù ṣeré. Ó ní, “Ọwọ́ mi ò lọ síbẹ̀ mọ́. Bí mo bá ti gbé e, ẹ̀rín yẹn ni mò ń gbọ́.” Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé iwájú yín. Ohun kan ṣoṣo tí ọkùnrin yẹn fi ń sinmi lẹ́yìn iṣẹ́, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ti fagi lé orúkọ mi lójú ìwé mọ́kọ̀ọ̀kànlá, mo ti kọ Tàjúdéènì Àmúsà sí i. Bí ẹ ó bá tẹ ìwé náà, orúkọ tirẹ̀ ni kó wà lẹ́yìn rẹ̀, bí kò bá sì gbà, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Àwòrán àwọn ọmọ rèé, Àǹtí Margaret, ẹ bá mi gbé e fún ẹni tó ni ín. Ẹ yan akọ̀wé mìíràn. Débọ́lá, mo bẹ̀ ẹ́, ìwọ ni kó o gbé géèmù tuntun tó bá dé lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Má fipá mú un. Bó bá sọ̀rọ̀, bó ṣe sọ ọ́ ni kó o kọ ọ́. Mò ń tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ yín, nítorí mo sọ ẹ̀rín yín di òkò tí mo fi lu aláìṣẹ̀. Tirẹ̀, n kò lè fipá gbà á. Màá máa lọ síbẹ̀ ní gbogbo Tọ́sìdeè títí yóò fi sọ pé kí n wá tàbí kí n má wá mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ wà níbí, ọ̀rọ̀ tiyín, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀mí èèyàn ló wà nínú ọ̀rọ̀ ẹni, ẹni tó bá jí i gbé ti jí èèyàn gbé.

Ó ku ẹyọ kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni géèmù funfun tuntun yìí ti wà lọ́wọ́ mi, tí Akínfẹ́nwá ń dúró de èrò mi. Mo ti kọ ọ́ láàárọ̀ yìí, n kò ṣẹ́ ẹ po, n kò lẹ̀ ẹ́ pa. Òun nìyí: “Ó dára. Bátìrì ẹ̀ ń pẹ́.” Bí mo ṣe ń rí gbogbo wọn nìyẹn láti ọjọ́ àkọ́kọ́, èrò tèmi gan-an ni mo ń kọ orúkọ Tàjúdéènì sí lábẹ́. Orúkọ Ó Dára tí ẹ sọ ọ́, èmi ni mo ni ín. Láti òní lọ, èmi ni kí ẹ máa fi pè.