Bọ́tìnnì Méjì Tó Sọ Pátákó Ọkọ̀ Ojú Irin Di Dúdú

Ọ̀gá àgbà wa tó jókòó gẹ́gẹ́ bí alága, ẹ̀yin àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi, ẹ̀yin àlejò, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú yàrá kóòdù, àti ìyàwó mi tó ń fojú sọ fún mi pé kí n má pẹ́ lórí ìdúró, mo kí gbogbo yín pátá. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Jẹ́jẹ́, ìwọ àbúrò wa tí kì í kánjú, tó o dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ sítọ̀ lọ́wọ́, jọ̀ọ́, má tíì lọ.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ kóòdù tó ń gbé àkókò ọkọ̀ ojú irin sára pátákó ní gbogbo ibùdó. Ẹ̀yin àgbà wọ̀nyí lẹ kọ́ mi, ẹ bo àṣìṣe mi, ẹ tún bu tíì yín fún mi mu. Ta ni ìbá gbà mí bí kò ṣe ẹ̀yin? Ẹ sọ mí ní Ìka-ò-Sinmi torí mi ò fẹ́ràn kí n máa fi eku kọ̀ǹpútà wá nǹkan kiri. Àbùjá bọ́tìnnì ni tèmi. Mo tẹ méjì, odidi ìlà kóòdù á parẹ́; mo tẹ mẹ́ta, orúkọ kan á yí padà níbi ogójì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ máa ń kóra jọ sẹ́yìn mi wòran, inú mi a sì máa dùn, kí n má parọ́.

Ìgbéraga yẹn ló bí ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé téèyàn bá tẹ Kọ́ńtíróòlù pẹ̀lú S, iṣẹ́ rẹ̀ á wà ní ìpamọ́, ó tán. Lórí kọ̀ǹpútà tèmi, mo yí i padà. Bọ́tìnnì méjì yẹn á tọ́jú iṣẹ́, á sì fi ránṣẹ́ tààrà sí gbogbo ibùdó, láìbéèrè bóyá ó dá mi lójú. Ó ń dín ìṣẹ́jú méjì kù fún mi. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ṣé ẹ rántí àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan lọ́dún méjì sẹ́yìn, tí gbogbo pátákó di dúdú, tí èrò ò mọ ọkọ̀ tí wọn ó wọ̀? Ibà ló dá mi dúró sílé. Jẹ́jẹ́ jókòó sórí àga mi, nídìí kọ̀ǹpútà mi, kó lè bá mi parí iṣẹ́. Ó kọ kóòdù dé ìdajì, ó tọ́jú rẹ̀ pamọ́ bí gbogbo wa ṣe ń ṣe, ó lọ mu omi. Kó tó padà dé, kóòdù ìdajì yẹn ti dé gbogbo ibùdó, fóònù ti ń dún káàkiri.

Ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà pè é. Ohun kan ṣoṣo ló ń tẹnu mọ́: "Mo kàn tọ́jú iṣẹ́ náà pamọ́ ni, ẹ̀yin ọ̀gá mi." Ta ló gbà á gbọ́? Wọ́n bi mí, mo ní mi ò mọ nǹkan kan. Kí n tó wọlé síwájú wọn, mo ti pa àbùjá náà rẹ́. Wọ́n yọ orúkọ Jẹ́jẹ́ kúrò lára ilẹ̀kùn wa, wọ́n ní kó lọ máa ṣọ́ wáyà ní sítọ̀. Látìgbà náà, tó bá ti kí mi pé, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n," ṣe ni mo máa ń yí ojú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀rù kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ mi ló bà mí, mo wá fi tirẹ̀ ra tèmi padà. Mo ṣẹ̀ ẹ́.

Ìyàwó mi, fi aṣọ mi sílẹ̀. Ó ti jáde lẹ́nu mi.

Alága, ìwé tí mo kọ nípa ọ̀rọ̀ yìí wà níwájú yín, lábẹ́ ife omi. Mo ti fọwọ́ sí i. Ohun tó bá tọ́ sí mi, ẹ ṣe é.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ti fi kíbọọ̀dù àtijọ́ mi sínú àpótí gíláàsì fún mi ní ìrántí. Lẹ́tà S ti parẹ́ pátápátá lára rẹ̀. Mi ò lè gbé e relé o. Ẹ jẹ́ kó wà níbí títí orúkọ Jẹ́jẹ́ yóò fi padà sára ilẹ̀kùn.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ọwọ́ tó yá àti ọkàn tí kì í sá. Kí àṣìṣe yín má di ẹ̀bi ẹlòmíràn. Jẹ́jẹ́, mi ò ní kó o dá mi lóhùn lójú èrò. Mo kàn rí i pé o ti gbé kọ́kọ́rọ́ sítọ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, o sì ti jókòó.

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ ṣé tí ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.