Ìdáríjì Tó Gba Ẹnu Sípíkà Jáde

Pásítọ̀, mo fi ewú orí mi búra, ọ̀rọ̀ yìí ò ní gùn. Ẹ má tíì gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yín, ẹ jókòó. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, mo ti parí. Akínbọ̀dé ló fẹ́ ba ayé mi jẹ́! Akínbọ̀dé wo? Akínbọ̀dé tó múlé tì mí lẹ́yìn ẹ́sítéètì Jákàńdè, ọkùnrin tí kì í wá ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹ ní ká máa fi ìwà wa wàásù fún. Ẹ̀yin gan-an lẹ fà á. Ẹ̀yin, àti sípíkà yín tó kọjú sí títì.

Ẹ ṣáà mọ bí a ṣe ń ṣe é ládùúgbò wa. Bí òjò bá ti ń sún mọ́lé, ẹni tó bá lágbára a pe típà yanrìn, a gbé ojúde rẹ̀ ga, a da kọnkéré lé e lórí, omi a sì wá ilé ẹlòmíì lọ. Akínbọ̀dé gbé tiẹ̀ ga, tèmi wá di ọ̀sà. Omi ò tiẹ̀ kanlẹ̀kùn, ó wọlé, ó jókòó sí pálọ̀ bí àna. Sálúbàtà mi kan gba abẹ́ àga kọjá lọ sí kíṣìnnì, mo ń wò ó, mi ò lè pè é padà.

Ṣé mo wá bínú? Èmi alàgbà ìjọ? Mo rántí ìwàásù yín, pé bí èèyàn bá dárí ji aládùúgbò rẹ̀, Jésù ni aládùúgbò yẹn máa rí lára rẹ̀. Bí mo bá pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́: "Akínbọ̀dé, ṣé dáadáa la jí?" Mi ò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ omi. Mo ń dárí jì í lábẹ́lẹ̀.

Àmọ́ Pásítọ̀, ṣé ẹ mọ bí ìdáríjì ṣe ń dun ni tó bí ẹnikẹ́ni ò bá mọ̀ pé a ṣe é? Ó ń yún mi lọ́fun! Ni mo bá dìde lọ́jọ́ ìsinmi, nígbà ẹ̀rí, mo gba maíkì. Mo ní, "Ẹ bá mi yin Olúwa! Akínbọ̀dé, ẹni ibi tó múlé tì mí, mo ti dárí jì í pátápátá!" Ìjọ hó yèè. Ìyá Tolúwani ìyàwó mi nìkan ló dorí kodò. Mo rò pé àdúrà ló ń gbà.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ ò kúkú sọ fún mi pé sípíkà yẹn ń gbé ohùn dé etíkun!

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí Akínbọ̀dé fi kanlẹ̀kùn. Mo ní ó tán, ó fẹ́ wá dọ̀bálẹ̀, mo tilẹ̀ sún àga sẹ́yìn kó lè ráyè nà dáadáa. Ó ní, "Bàbá, mo gbọ́ yín lánàá. Ẹ ṣeun o. Àkùkọ mi ni, àbí? Mo mọ̀ pé kì í jẹ́ kẹ́ ẹ sùn. Mo ti pa á." Ló bá gbé abọ́ ọbẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Háà! Kí lẹ̀yin ì bá ṣe? Mo jẹ ẹ́. Itan ni wọ́n bù fún mi.

Àkùkọ tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀! Ta ló máa jẹ itan àkùkọ tán tí á tún máa sọ̀rọ̀ omi? Mo dákẹ́. Akínbọ̀dé náà ní ọkàn òun ti balẹ̀, ó bá pe típà kejì, kó lè parí iṣẹ́.

Òjò tó tẹ̀ lé e, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n. Orí tábìlì ni mo wà, èmi arúgbó, nígbà tó yọjú láti wá béèrè bóyá iná wà lọ́dọ̀ wa. Ó rí omi. Ó rí rọ́ọ̀gì tó léfòó. Ó rí mi. "Bàbá! Láti ìgbà wo?" Mo ní láti ìgbà típà àkọ́kọ́. Ó wá ní, "Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń rí mi, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí mi, ẹ ò sọ fún mi. Ṣọ́ọ̀ṣì lẹ lọ sọ ọ́. Ìyá oníbúrẹ́dì ò dáhùn kíkí mi mọ́, ó ní ẹni ibi ni mí." Ojú rẹ̀ pọ́n, kì í sì í ṣe ti ìbínú.

Ẹ wá gbọ́ ìyà tó fi jẹ mí. Ó bọ́ bàtà, ó gba garawa lọ́wọ́ ìyàwó mi, ó bá wa gbọ́n omi yẹn tán. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó pe Àyànlọ́lá bíríkìlà, wọ́n fọ́ kọnkéré tuntun, wọ́n la gọ́tà gba ojúde tiẹ̀ kọjá. Ó na ẹ̀yìn, ó ní, "Bàbá, mo ti dárí jì yín."

Èmi! Èmi tí mo kọ́kọ́ dárí jì í! Ẹ̀ ń wo ìwọ̀sí? Ọkùnrin tí kò lè ka ẹsẹ Bíbélì kan lórí ló gba ìdáríjì mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ!

Ẹ dúró, mi ò tíì débi tó dùn mí. Ó ní òun ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi. Inú yín dùn? Ẹ jẹ́ kí n parí. Ó ní òun náà fẹ́ jẹ́rìí. Ó ní ibi tí wọ́n ti bú òun ni kí wọ́n ti gbọ́ pé òun ti dárí ji Alàgbà Ọláníyan. Maíkì yẹn náà ló fẹ́ lò!

Ẹ fún un o. Ó tọ́ sí i. Mo ti bá a gba ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, èmi ni mo máa kọ́kọ́ kígbe halelúyà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ yẹn, ẹ yí sípíkà kọjú sí ọ̀sà. Bí ẹja bá gbọ́, ó tó. Bí ará Jákàńdè kan bá sì bi yín pé ta ni wọ́n dárí jì, ẹ bò mí láṣìírí, kó mọ láàárín àwa méjèèjì: ẹ sọ pé Ọláníyan mìíràn ni.