Ọ̀rẹ́ Mi Ló Kun Àwọn Ìlà Náà

Adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi. Wọn kò tíì sọ ọjọ́ rẹ̀, nítorí náà ìgbàkígbà tí wọ́n bá ń ṣílẹ̀kùn níhìn-ín ni àyà mi ń já. Bí ìró bàtà wọn bá kọjá yàrá mi, màá tún mí. Èmi tí ẹ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe olè, n kò mutí, n kò sì gbé ìbọn rí. Akọ̀wé tó ń lo kọ̀ǹpútà ni mí. Irọ́ kan ni mo pa ní ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo pa ènìyàn.

Àwọn ológun ló ṣì ń ṣèjọba nígbà náà. Kọ̀ǹpútà méjì péré ló wà ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí àgbàdo tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè Akínyẹlé, èmi àti Fọlọ́runṣọ́ la sì ń lò wọ́n. A jọ gba yàrá kan ní Ajibode, a jọ ń gun ọ̀kadà kan náà lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ Ìjàyè ni, ọmọ ìjọ Aládùúrà, ẹni tí kì í gbóhùn sókè. Tó bá ń ronú, á máa fi bírò kan eyín rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wa, Dókítà Adéṣọlá, fi ìbínú wọlé. Obìnrin yìí ló ń darí gbogbo ilé-iṣẹ́ náà. Ìwé àtẹ irúgbìn tí à ń pè ní tábìlì, tí a tẹ̀ fún un, ló mú dání, ìlà bí irínwó, gbogbo rẹ̀ funfun. Ojú rẹ̀ ti ṣìnà láti orí ìlà kan bọ́ sórí òmíràn, ó sì ka èso oko kan mọ́ oko mìíràn níwájú àwọn àlejò.

“Ẹ wá nǹkan ṣe sí i,” ó ní. “Kí ìlà kan funfun, kí èyí tó tẹ̀ lé e ní àwọ̀ eérú, bẹ́ẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Kí ojú lè mọ ibi tó ń gbà.”

Ọjọ́ méjì ni mo fi ń kùn ún, ìlà kan lẹ́yìn èkejì. Bí mo bá ti ní kí kọ̀ǹpútà to àwọn irúgbìn náà lọ́nà mìíràn, gbogbo àwọ̀ á dàrú, eérú mẹ́ta á dúró pọ̀, funfun méjì á tẹ̀ lé e. Fọlọ́runṣọ́ wò mí títí, ó rẹ́rìn-ín.

“Ìwọ lò ń kùn ún, ìdí nìyẹn. Jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ka ìlà fúnra rẹ̀. Ìlà tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣeé pín sí méjì, kó kùn ún. Èyí tí kò bá ṣeé pín, kó fò ó.”

Ó tẹ àṣẹ kúkúrú kan sí i. Lójú ẹsẹ̀, tábìlì náà tò gééré. A tú u ká, a tún un tò, àwọ̀ kò yẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ wọn oko ní Ìjàyè. Ìgbà tí kò sí nítòsí ni ọ̀gá wọlé.

“Ta ló ṣe èyí?”

Mo ti lanu láti dárúkọ Fọlọ́runṣọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín sí mi, obìnrin tí kò rẹ́rìn-ín sí mi rí fún ọdún mẹ́ta.

“Èmi ni, mà.”

“Ìwọ? O ṣeun gan-an! Wàá kọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo sì ń wá ẹni tí màá fi ṣe olórí yàrá yìí.”

Fọlọ́runṣọ́ gbọ́ nígbà tó dé. “Ṣé wàá sọ fún wọn?” ó bi mí.

“Màá sọ lọ́la.”

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi mí kí Ọjọ́bọ̀ tó pé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní lọ́la.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà, ó fẹ́ fa omi ní kànga ẹ̀yìnkùlé. Ìyá onílé wa ti lọ sí ọjà Ṣáṣá, ó ku àwa méjì nílé.

“Èmi náà ń bọ̀ ní ìpàdé yẹn,” ó ní. “Bí wọ́n bá bi mí, màá sọ òótọ́.”

“Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé mi ni?”

“Rárá o. Mo fẹ́ kí o sọ ọ́ fúnra rẹ. Ó ṣì ku wákàtí kan.”

“Fi mí sílẹ̀ lónìí nìkan.”

“O ti sọ bẹ́ẹ̀ lánàá.”

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu kànga láti wo bí omi ṣe kù sí. Korobá àti okùn ṣì wà nílẹ̀. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì tì í.

N kò lè sọ pé n kò mọ̀ọ́mọ̀. Mo gbọ́ ìró omi, lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

“Okùn! Ọ̀rẹ́ mi, ju okùn sí mi!”

Okùn wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo tẹjú mọ́ ọn. Mo wá gbé páànù tí a fi ń bo kànga, mo fi dé e, mo gbé òkúta lé e. Ohùn rẹ̀ dàbí ti ẹni tó wà nílé kejì. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo dá ọ̀kadà dúró.

“Fọlọ́runṣọ́ ńkọ́?” ọ̀gá bi mí.

“Ó ti lọ sí Ìjàyè, mà.”

Mo kọ́ wọn. Bàbá kan tó ń tọ́jú irúgbìn bi mí pé bí èèyàn bá ki ìlà tuntun bọ àárín, ṣé àwọ̀ kò ní dàrú? Mo ki ìlà kan bọ̀ ọ́. Gbogbo àwọn tó wà nísàlẹ̀ yí àwọ̀ padà, wọ́n sì tò. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi.

Ìyá onílé dé lọ́sàn-án, ó ṣí kànga láti pọnmi, ó sì rí òkú Fọlọ́runṣọ́ nínú rẹ̀. Kí a tó ṣíwọ́ iṣẹ́, ọlọ́pàá ti dé ọ́fíìsì. Ọ̀gá kọjú sí mi. “Ìjàyè wo lo sọ pé ó lọ?”

Ní kóòtù, dókítà tó yẹ òkú rẹ̀ wò sọ pé ó ju wákàtí méjì lọ kó tó kú. Mo ṣírò rẹ̀ níbi tí mo dúró sí. Ó ṣì wà láàyè nígbà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ìyá rẹ̀ wá láti Ìjàyè. Kò ṣépè. Ó kàn bi mí pé, “Ọmọ mi, kí ló gbà lọ́wọ́ rẹ?”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ọ̀rọ̀ mi, ẹ má tẹ̀ lé mi. Bí wọ́n bá yìn yín fún iṣẹ́ ẹlòmíràn, ẹ dárúkọ ẹni tó ni ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyìn náà dùn mọ́ yín. Bí ẹ bá sì ti parọ́ náà, ẹ má dúró di ọ̀la. Ká ní mo sọ òótọ́ ni, wọn ì bá fi mí ṣẹ̀sín, wọn ì bá tilẹ̀ lé mi, ǹ bá sì wáṣẹ́ mìíràn. Ẹ padà lọ sọ òótọ́ nígbà tí ẹni tí ẹ ṣẹ̀ ṣì wà láàyè láti bínú sí yín.