Òpó Arère Tí Mo Pè Ní Igi Apá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá ń ta kókó. Ẹ̀rù ń bà mí. Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti sùn dáadáa kẹ́yìn, mi ò sì lè sọ ohun tó ń ṣe mí fún ìyàwó mi. Ó rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ohun tí mo fi pamọ́ láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú ló fẹ́ wó báyìí, mo sì ń bẹ̀rù kó má wó lu ọmọ ọlọ́mọ.

Agbẹ́gilére ni mí nílùú Oǹdó. Ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀, ọwọ́ mi dáa. Ṣùgbọ́n láwọn ọdún tí mò ń wí yìí, ta ló ń ra ère? Ìjọba kò sanwó oṣù. Tíṣà ni ìyàwó mi. Gàárì ni à ń mu láàárọ̀, òun náà la tún ń tẹ̀ ní ẹ̀bà lálẹ́. Àwọn tó ti gbé iṣẹ́ fún mi tẹ́lẹ̀ kò padà wá wò ó mọ́.

Ìgbà náà ni ìjọ kan ní Àkúrẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ń tún ṣọ́ọ̀ṣì wọn ṣe, wọ́n sì fẹ́ òpó méjì tí yóò gbé gálárì ró, níbi tí àwọn ọmọ akọrin ń jókòó sí lókè. Wọ́n ní kí n gbẹ́ àwòrán àwọn àgbẹ̀ tó ń kórè sára òpó náà. Màmá kan nínú ìjọ, tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ló fún wọn ní igi apá kan nínú oko ọkọ rẹ̀ ní Ilu-Abo. Ọkọ rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fàdá kan igi yẹn títí tó fi kú. Àwọn kan nínú ìjọ ń kùn pé igi àjẹ́ ni apá, pé kò yẹ kó wọ ilé Ọlọ́run. Màmá ní abẹ́ rẹ̀ ni ọkọ òun ti máa ń jẹun ọ̀sán, àjẹ́ kankan kò bá a jẹ ẹ́.

Wọ́n gé igi náà, ọkọ̀ sì gbé e wá fún mi. Igi apá le, kòkòrò kì í rí i jẹ bọ̀rọ̀. Mo tẹ́ ẹ sábẹ́ ìbòòji kó gbẹ, nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ wa níṣẹ́ nìyẹn, a kì í fi igi tútù ṣe òpó. Ibẹ̀ ni ọkùnrin onípákó kan ti rí i, ó ní òun fẹ́ rà á. Mo lé e lọ. Ó tún padà wá lọ́jọ́ tí wọ́n lé àwọn ọmọ mi wálé láti ilé-ìwé nítorí owó.

Ẹ jọ̀ọ́, mo tà á. Mo sọ fún ara mi pé màá wá òmíràn kí ọjọ́ tó pé. Mi ò rí i. Igi apá kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rà lọ́jà bí ata.

Ohun tí mo rí ni arère. Ẹ̀yin tí ẹ mọ igi, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Arère funfun, ó fúyẹ́, ó dáa fún ère kékeré àti àpótí ìjókòó, ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Mo gbẹ́ ẹ ní tútù. Mo se osùn, mo fi kùn ún. Mo fi ọ́ìlì ọkọ̀ tí wọ́n ti lò pa á lára títí ó fi pọ́n bí igi apá, mo sì fi fáńíìṣì bò ó. Kí àwọn tó máa gbé e má baà fura pé ó fúyẹ́, mo fi àpò tútù wé e títí di ọjọ́ tí wọ́n dé, kí omi inú rẹ̀ má baà gbẹ. Wọ́n ń mí hẹlẹ bí wọ́n ti ń gbé e. Ọ̀kan nínú wọn ní igi apá yìí mà wúwo o. Mo bá a rẹ́rìn-ín.

Mi ò ṣe é kí ẹnikẹ́ni lè kú, ẹ jọ̀ọ́. Mo rò pé yóò lo ọdún díẹ̀ kó tó bàjẹ́, pé nǹkan á ti ṣẹnuure fún mi, tí màá sì wá ọgbọ́n kan dá tí màá fi pààrọ̀ rẹ̀. Nǹkan ṣẹnuure lóòótọ́. Àwọn ará Ọ̀wọ̀ àti Ìkàrẹ́ rí òpó náà, wọ́n wá mi kàn, iṣẹ́ ń ya wọlé. Ọdọọdún ni mò ń sọ pé ó di ẹ̀ẹ̀mìíràn. Òpó tí mo fi ṣe jìbìtì ló sọ mí di ẹni ńlá.

Níjelòó, mo lọ sí ìdúpẹ́ òkú nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Màmá náà ṣì wà láyé, ojú rẹ̀ ni kò ríran dáadáa mọ́. Ẹ̀gbẹ́ òpó ọwọ́ ọ̀tún ni ìjókòó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé èmi ni, ó di ọwọ́ mi mú, ó gbé e lé òpó náà.

"Ugi ọkọ mi rèé, ọmọ mi," ó ní. "Ugbà mo bá fara tì í, ó ń ṣe mí bí ẹni pé mo wà lóko."

Mo fi ìka kan òpó náà bí ẹni ń ṣeré. Ó dún bí igbá òfìfo. Mo wo ilẹ̀, mo sì rí ìyẹ̀fun funfun tí kòkòrò ti jẹ sílẹ̀ nídìí rẹ̀. Lókè wa, àwọn ọmọ ń fẹsẹ̀ lu pákó bí wọ́n ti ń kọrin. Mo ní mo fẹ́ tètè wọkọ̀ padà sí Oǹdó.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tọrọ fóònù lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta káàdì, mo pe nọ́ḿbà wọ́dìn wọn, alábòójútó ìjọ náà, tí mo rí lẹ́yìn ìwé ètò ìdúpẹ́. Mo yí ohùn mi padà. Mo ní kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọ kankan gun gálárì mọ́, pé òpó yẹn ti jẹrà nínú. Ó bi mí pé ta ló ń sọ̀rọ̀. Mo pa fóònù.

Mo rò pé mo ti ṣe ẹ̀tọ́ mi. Àfi bí wọ́dìn ṣe pe èmi gan-an nírọ̀lẹ́.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ó ní. "Ẹnì kan tó ń jowú yín ló fẹ́ ba iṣẹ́ yín jẹ́. Àwọn òbí kan ti gbọ́, ọkàn wọn ò balẹ̀. Ẹ bá wa wá lọ́jọ́ ìkórè, kí ẹ fẹnu ara yín sọ fún ìjọ pé igi apá ni. Ọ̀rọ̀ yín ti tó wa."

Mo bi í bóyá àwọn ọmọ ò ní gun òkè títí dìgbà náà. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dánra wò fún ìkórè. Mo sọ pé mò ń bọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba tèmi rò. Ọmọ mi ọkùnrin ń ṣe iṣẹ́ yìí, orúkọ mi ló fi ń jẹun. Bí mo bá jẹ́wọ́, ó parí fún un. Wọ́n sì lè fà mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ lọ́jọ́ ogbó mi. Bí mo bá purọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, gbogbo wọn ni yóò gbà mí gbọ́. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Lánàá, Màmá náà ní kí wọ́n bá òun pè mí. Ó ní kí n má fọkàn sí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀tá. Ó ní lọ́jọ́ náà, kí n tó la ẹnu rárá, òun àti gbogbo ọmọ-ọmọ òun ni yóò jókòó sábẹ́ òpó náà, kí ìjọ lè rí i pé ẹ̀rù kò ba ẹnikẹ́ni nínú ulé ọkọ òun.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé kó dìde níbẹ̀?