Ẹ̀ṣẹ̀ Tó Wà Nínú Abala Keje

Kí àlàáfíà Ọlọ́hun máa bá gbogbo wa gbé, ẹ̀yin ìyá mi tó wà lápá òsì, ẹ̀yin bàbá mi tó wà lápá ọ̀tún, àti ẹ̀yin àlejò wa tí ẹ kì í ṣe Mùsùlùmí àmọ́ tí ẹ wá jókòó tì wá láàárọ̀ yìí. Ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá, n ó sì sọ ọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn, kí ẹnikẹ́ni má baà ní òun kò mọ ibi tí mò ń lọ. Ọ̀ràn-anyàn ni fún Mùsùlùmí láti béèrè kí ó tó dájọ́. Ọlọ́hun pa wá láṣẹ pé kí a mú àdéhùn wa ṣẹ, Ó sì pa wá láṣẹ pé bí ìròyìn bá dé etí wa, kí a wádìí rẹ̀. Àṣẹ méjèèjì yìí pàdé nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ.

Ilé iṣẹ́ kan wà lójú ọ̀nà Ìwó, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìrọ̀rí. Ẹ fọkàn yàwòrán rẹ̀. Ilé gígùn ni, fèrèsé rẹ̀ ga, òwú ni wọ́n sì ń gbọ̀n nínú rẹ̀ láti àárọ̀ títí di Àlásárì. Bí oòrùn bá gba ojú fèrèsé wọlé, ẹ óò rí òwú wẹ́wẹ́ tí ń léfòó lófuurufú, tí kò bọ́ sílẹ̀, tí kò sì lọ sókè, bíi pé ayé dúró díẹ̀ láti sinmi. Àwọn òṣìṣẹ́ mọ́kànlá ń rìn láàárín rẹ̀ bí ẹni ń rìn nínú ìkúukùu. Wọn kì í pariwo níbẹ̀. Òwú a máa gbé ohùn mì.

Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn ni Bàbá Bùsàírì, tó tún jẹ́ ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Òun ló ń rán ẹnu ìrọ̀rí pa. Òwú a máa lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀ tó fi jẹ́ pé ẹ kò ní mọ ibi tí irun parí sí tí òwú sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní àdúgbò náà sọ fún mi pé òwú pàápàá a máa dúró jẹ́ẹ́ tí bàbá bá ń ṣe tẹ̀súbà. N kò sí níbẹ̀, n kò sì lè fi jẹ́rìí. Ohun tí mo mọ̀ dájú ni pé ó mọ kéwú kà, ó mọ̀ ọ́n kọ, kò sì mọ ABD.

Ìwé àdéhùn iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ abala méjì péré nínú rẹ̀. Abala keje sọ pé òṣìṣẹ́ tó bá mú ìṣáná, sìgá tàbí irú iná mìíràn wọ ilé òwú ti ṣẹ̀, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé òfin yìí le jù? Kò le. Ẹ̀mí mọ́kànlá ló wà láàárín òwú. Abala kẹjọ wáá sọ pé kí a tó lé ẹnikẹ́ni, a ó ka ẹ̀sùn sí i létí ní èdè tó gbọ́, a ó sì gbọ́ tẹnu rẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí méjì, tí òun fúnra rẹ̀ yóò yan ọ̀kan.

Ní ọ̀sán Àtàláátà kan, lẹ́yìn ìrun Àílà, àpò òwú kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èéfín. Wọ́n da omi sí i, ó kú. Nígbà tí wọ́n tú u, wọ́n bá ìdí sìgá nínú rẹ̀.

Alájì Gàníyù, tó ni ilé iṣẹ́ náà, sáré dé ibẹ̀. Èèyàn dáadáa ni o, ẹ má ṣì í gbọ́. Ẹ̀rù ló bà á, ẹ̀rù náà ló sì kánjú. Ó pe akọ̀wé rẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Sáúdátù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé. Ó ní, “Kọ ìwé kan kíá. Kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i pé àwọn kò rú abala keje. Ẹni tí kò bá fọwọ́ sí i, òun náà ni.”

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Sáúdátù fi ro ọ̀rọ̀ náà kí ó tó kọ ọ́ ní Yorùbá. Ohun tó wá jáde ni èyí: “Mo fi Ọlọ́hun jẹ́rìí pé n kò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan.”

Ẹ̀yin jámáà, ẹ gbọ́ ọ bí? Ẹ̀yin kan ti ń rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ̀yin lè fọwọ́ sí i? Ìyá tó wà níwájú yìí ń mi orí. Ẹ ṣeun, Ìyá.

Tìámíyù, ọmọkùnrin tó ń gbọ̀n òwú, ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. “Ẹ gbé tàdáwà wá, jàre, kí n tẹ̀ ẹ́ kí n padà sẹ́nu iṣẹ́!” Ó tẹ̀ka. Àwọn yòókù náà tẹ̀ka. Ó kan Bàbá Bùsàírì. Sáúdátù ka ìwé náà sí i létí. Bàbá gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Tún un kà, ọmọ mi.”

Ó tún un kà.

“Ìwọ Sáúdátù, ta ni èmi tí n ó fi Ọlọ́hun jẹ́rìí irú èyí?” Ó gba bíírò, ó sì fi kéwú kọ ọ́ sí ibi tó yẹ kí ó tẹ̀ka sí pé: Mo tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

Alájì Gàníyù náà gbọ́ kéwú. Ó wo ìwé náà, ó na ọwọ́ sókè. “Ó ti jẹ́wọ́! Ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́!” Ó pe bàbá. “Bàbá Bùsàírì, ìwé yín fi hàn pé ẹ ti ṣẹ̀. Ẹlẹ́ṣẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ níbí.”

Bàbá tẹrí ba. “Òótọ́ lẹ sọ, Alájì. Ẹ ṣeun tí ẹ gbà mí láyè láti ọjọ́ yìí.”

Ó gbọn òwú ara rẹ̀, ó sì lọ. Láàárọ̀ Àlàrùbá, Alájì lẹ bébà ńlá kan mọ́ ẹnu géètì: BÙSÀÍRÌ LÁDÀÁNÌ TI ṢẸ̀. Ó FẸ́ FI INÁ JÓ ILÉ ÒWÚ. A TI LÉ E. Bàbá kò mọ ohun tó wà níbẹ̀, nítorí pé ABD ni wọ́n fi kọ ọ́.

Nílé, ìyàwó rẹ̀, Ṣàfúrátù, ní, “Bàbá Kúdírá, kí lẹ ṣe tí wọ́n fi ní kí ẹ máa lọ?”

“Mo dẹ́ṣẹ̀.”

“Ẹ̀ṣẹ̀ wo?”

“Ṣàfúrà, èwo ni kí n kà nínú wọn?”

“Bàbá yìí, ẹ ó pa mí lẹ́rìn-ín kí n tó ráyè sunkún!”

Ṣùgbọ́n obìnrin náà sunkún, nítorí pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà wọ́n rán ẹnìkan wá láti mọ́ṣáláṣí pé kí bàbá ṣì máa sinmi ná, pé ẹlòmíràn yóò máa pe ìrun. Ẹ wò ó. Iṣẹ́ ti lọ, orúkọ sì ń tẹ̀ lé e lọ. Ohun méjì tí ọkùnrin náà ní láyé nìyẹn.

Ní Jímọ̀, Ṣàfúrátù gba ọ́fíìsì lọ bá Sáúdátù. “Ọmọ mi, mi ò wá jà. Mo kàn fẹ́ mọ orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà.”

“Iná ni, Ìyá. Wọ́n ní Bàbá mú sìgá wọ ilé òwú.”

“Sìgá kẹ̀? Ọkọ mi tí kì í jẹ́ kí n súnmọ́ ààrò pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́? Ìwọ fúnra rẹ, ṣé o bi í bóyá ó mú sìgá?”

Sáúdátù yíjú sí tábìlì rẹ̀. Ó fa ìwé tó kọ yọ, ó kà á. Ó tún un kà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó fi pe ohun tí ènìyàn ṣe sí ọ̀gá rẹ̀ àti ohun tí ènìyàn ṣe sí Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Ó dìde, ó wọlé tọ Alájì lọ.

“Ẹ jọ̀wọ́, sà, a kò tíì ṣe ohun tí abala kẹjọ wí.”

“Ṣé ìwọ lo ni ilé iṣẹ́ yìí ni?”

“Rárá, sà. Ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ̀yin náà lẹ sì fọwọ́ sí abala kẹjọ. Àṣìṣe tèmi ni mo rí yìí, sà. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe kó tó di tiyín.”

Alájì ní, “Ó dáa. Láàárọ̀ ọ̀la.”

Wọ́n tẹ́ ẹní sí àgbàlá. Lẹ́múmù mọ́ṣáláṣí àdúgbò jẹ́ ẹlẹ́rìí kìn-ín-ní. Wọ́n ní kí bàbá yan ìkejì, ó sì nawọ́ sí Tìámíyù. “Ọmọ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Ó mọ̀ mí.” Tìámíyù wá jókòó tì í, kò gbé ojú sókè.

Alájì ní, “Bàbá, ẹ sọ fún wa. Ẹ̀ṣẹ̀ wo lẹ ṣẹ̀?”

Bàbá mí kanlẹ̀. “Lọ́jọ́ Àtìní, mo ń kírun, ọkàn mi wà lára iṣu tí Ṣàfúrà ń sè. Aládùúgbò mi ra ọ̀kadà tuntun, mo kí i kú oríire, ẹnu lásán ni. Mo kanra mọ́ àbúrò mi lọ́dún tó kọjá, n kò tíì bẹ̀ ẹ́.” Ó dúró díẹ̀. “Lọ́jọ́ kan, mo gbé orí lé ìrọ̀rí oníbàárà, oorun sì gbé mi lọ. Mo rí ìyá mi. Ó ń rìn bọ̀ nínú òwú, ó kéré bí ọmọbìnrin, ó sì ń pe orúkọ mi. Ogún ọdún ni n kò fi ojú àlá rí i. Nígbà tí mo jí, mo rán ẹnu ìrọ̀rí náà pa, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Alájì, ẹ yáfi èyí fún mi.”

 Ńṣe ni gbogbo wọn ń wo òwú tó ń ti ojú fèrèsé jáde, tó ń bà lé ẹní.

Alájì rọra béèrè pé, “Iná ńkọ́, Bàbá?”

“Há, mò ń bẹ̀rù rẹ̀ o, Alájì! Ta ni kò bẹ̀rù rẹ̀?”

Iná ọ̀run ni bàbá ń sọ. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu. Àfi bí Tìámíyù ṣe bú sẹ́kún.

“Èmi ni. Ẹ jọ̀wọ́, èmi ni. Mo rò pé sìgá náà ti kú nínú àpò ṣòkòtò mi, àfi bó ṣe já bọ́ sínú òwú.”

Alájì fò dìde. “Jáde! Jáde báyìí! Abala keje!”

Sáúdátù ní, “Abala kẹjọ ńkọ́, sà?”

Alájì padà jókòó. Wọ́n ka ẹ̀sùn sí Tìámíyù létí, ó yan Bàbá Bùsàírì ní ẹlẹ́rìí, wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé àánú kì í pa àdéhùn rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ rẹ̀ sára géètì.

Ní ti Sáúdátù, ó ya ìwé tó kọ́kọ́ kọ. Èyí tuntun sọ ọ́ bó ṣe rí: “N kò mú iná wọ ilé òwú.” Bàbá gbọ́ ọ, ó sì tẹ̀ka láìmikàn.

Alájì lọ já bébà géètì, ó wá lóṣòó níwájú bàbá. “Mo ṣẹ̀ yín. Ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ti bá lẹ́múmù sọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà ni ẹ óò pe ìrun lónìí.”

“Mo ti yáfi fún yín, Alájì. N ó padà.” Bàbá Bùsàírì wo ojú títì. “Àwọn awakọ̀ tó wá kó ìrọ̀rí ní Àlàmísì àti Jímọ̀, àwọn tó lọ sí Bídà, àwọn tó lọ sí Kàdúná. Ṣé wọ́n ka bébà náà?”

Alájì wo bébà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìrọ̀rí tí ọwọ́ bàbá rán pa ni wọ́n kó lọ, wọ́n sì kó orúkọ rẹ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ta ni yóò sáré bá wọn? Títí di òní, bí ọkọ̀ kan bá ti ọ̀nà jíjìn dé sí ilé iṣẹ́ náà, Alájì Gàníyù a dìde lórí àga, a rìn jáde nínú òwú, a sì béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ pé, “Ọ̀rẹ́, ṣé o wà lára àwọn tó ka bébà kan lẹ́nu géètì wa? Irọ́ ni mo kọ síbẹ̀.” Àwọn kan á ní àwọn kò kà á. Ẹni mẹ́rin tó kà á ló ti rí. Kò mọ iye tó kù.

Ẹ̀yin ọ̀gá iṣẹ́, ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù kí ẹ tó kà á tán: ìbéèrè kan ṣoṣo ni Alájì ìbá bi bàbá lọ́jọ́ Àtàláátà. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ọlọ́hun Ọba tó gbọ́ ohun tí ẹnu sọ àti èyí tí ẹnu kò sọ, fún wa ní etí tí ń gbọ́ kí ahọ́n wa tó dájọ́. Àwọn tí a ti ba orúkọ wọn jẹ́, tí a kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wa dé, bá wa dé ọ̀dọ̀ wọn. Fi ọ̀nà tó tọ́ hàn wá, kí O sì dárí ẹ̀ṣẹ̀ wa jì wá, èyí tí a mọ orúkọ rẹ̀ àti èyí tí a kò mọ̀. Àmín.