Ẹ̀yìn Ni Kó O Tan Iná Sí

Gílóòbù ni mo lọ rà ní ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ iná kan ní Mayfair, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà kan ni mo gbé délé. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ kan àpótí pákó fún fọ́tò ìyá rẹ̀, ó sì gbé e wá kí oníṣẹ́ iná náà to iná LED sí i.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká tò ó síwájú. Ojú wọn ṣókùnkùn."

"Wọ́n kẹ̀yìn sóòrùn lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò yẹn ní Ìrẹmọ ni. Ẹ̀yìn ni kó o tò ó sí."

"Ẹ ò ní rí ojú wọn o."

"Èmi náà ò mojú wọn, ọmọ mi. Mi ò tíì lè rìn tí wọ́n fi kú. Ṣùgbọ́n wo ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì tó yọ níbàdí wọn yẹn. Èmi ni wọ́n pọ̀n. Ibi tí mo wà ni kó o tan iná sí."