Ọ̀wẹ̀ ní Abúlé Indonéṣíà

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Thamesmead ní London, obìnrin méjì lẹ́yìn mi ń jiyàn lórí ilé àlejò tí èyí tó kéré nínú wọn kọ́ sí abúlé kan ní Indonéṣíà.

“Mo ní kóo má kówó lọ síbẹ̀. Ta ni ará ẹ níbẹ̀?”

“Auntie, ẹ jẹ́ n parí ọ̀rọ̀. Ìjì ṣí òrùlé ilé náà. Mò ń sunkún lọ́wọ́ ni gbogbo abúlé dé, tọkùnrin tobìnrin. Wọ́n kàn án padà lọ́jọ́ yẹn gan-an, wọn ò gba kọ́bọ̀. Jollof ni mo sè fún wọn.”

“Ọ̀wẹ̀ nìyẹn!”

“Ọ̀wẹ̀ gidi! Àlejò ti kún gbogbo yàrá báyìí. Ẹ tún bi mí, Auntie: ta ni ará mi níbẹ̀?”



“Ó dáa. Fi yàrá kan sílẹ̀ fún mi ní December.”